Ẹ̀yìn Ọ̀rá

Ọmọ mi obìnrin rà á wálé láti Wúsè,
bisikíìtì ajá, nínú ọ̀rá pupa tó ń dán.
Wọ́n ya adìyẹ yíyan síwájú rẹ̀,
ọ̀rá ń kán lára itan rẹ̀;
ajá kan jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín bí olówó.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin-àbọ̀ náírà.
Mo ní, "Ìbídùn, bá mi gbé awò ojú mi."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọn nǹkan fún ìjọba,
ní Kàdúná, ní Míńnà, kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kúbwà.
Mo wọn ìrẹsì tí wọ́n fi òkúta bù kún,
mo wọn epo tí wọ́n bomi là.
Iwájú ọjà ò lè tàn mí mọ́.
Ẹ̀yìn ni mo ń kà.

Orúkọ tó bá ṣáájú ló wúwo jù nínú àpò:
òfin ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀ àgbà.
Èwo ló ṣáájú? Àgbàdo.
Èwo ló tẹ̀ lé e? Èèpo àlìkámà.
Lẹ́yìn náà, ṣúgà. Lẹ́yìn náà, iyọ̀.
Mo ń bá a lọ, mo ń wá adìyẹ
bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù lọ́jà;
mo kọjá aró pupa,
mo kọjá oògùn tí kì í jẹ́ kó bu, orúkọ rẹ̀ gùn ju ìrù ọ̀bọ lọ,
ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá a:
òórùn adìyẹ.
Òórùn!
Adìyẹ náà kọjá lẹ́bàá iléeṣẹ́ ni, kò wọlé.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́; ta ni yóò já ewé?

Mo ka èyí tó kù, tó rí wínníwínní bí ẹyin eṣinṣin:
amúaradàgbà, méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún;
ọ̀rá, mẹ́ta, nínú ọ̀rá tó dán tó báyìí;
eérú, mẹ́sàn-án.
"Bàbá, eérú bí ti ààrò?"
"Ohun tó ṣẹ́ kù ni bí wọ́n bá jó oúnjẹ náà tán.
Egungun ni, iyanrìn ni, ta ló mọ̀?"
Mẹ́sàn-án pọ̀. Mo fi bírò fa ìlà sí i nídìí
bí ìgbà tí òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìfura-loògùn-àgbà lorúkọ rẹ̀, Ìfura là ń gé e pè.
Ó ti pé ọdún mẹ́jọ, ikùn rẹ̀ ń wọ́ lórí simẹ́ǹtì.
Nígbà tí ìyá Ìbídùn wà láyé, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń lá,
kò sì sanra rí.
Ìgbà tí ilé dákẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀:
ó wojú mi, mo jù ú sí i;
ó tún wojú mi.
Dókítà Ponfa, ọmọ Làngtàng, gbé e sórí òṣùwọ̀n lóṣù tó kọjá.
"Bó bá jẹ òkèlè mẹ́wàá, Bàbá, ẹyọ kan ni kó jẹ́ ìpápánu."
Mi ò fèsì.
Èmi, tí mo mọ ìwọ̀n.

Lẹ́bàá ojú irin, Málàm Sàgírù alápatà
ta fùkù màlúù fún mi, kò tó ẹgbẹ̀rún kan.
Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo sá a sórí páànù,
ọyẹ́ fẹ́ sí i fún ọjọ́ méjì, ó gbẹ táútáú.
Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sí àlùbọ́sà.
Bí ó bá ní ẹ̀yìn tí a lè kà,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá wà níbẹ̀: fùkù.

Ìbídùn ò bínú. Ó ní kí a bi ajá léèrè.
Bisikíìtì lọ́wọ́ ọ̀tún, fùkù lọ́wọ́ òsì,
mo dúró bí adájọ́.
Ìfura gbóòórùn ọ̀tún, ó gbóòórùn òsì,
ó gbé bisikíìtì mì, ó gbé fùkù mì,
ó lá ọwọ́ mi méjèèjì títí wọ́n fi mọ́.
Ajá kì í kàwé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló lẹ̀bi.

Lálẹ́, mo po tíì.
Mo ṣí agolo bisikíìtì tèmi,
awò ojú ṣì wà lórí imú mi.
Mo kọ ẹ̀yìn agolo náà sí ògiri.